Wọ́n fi orúkọ mi yá owó tí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀: ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláṣọ Òkè-Ajé
Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ta aṣọ òkè àti léèsì. Lọ́jọ́ Ẹtì, oníbàárà kan san ₦85,000 sí àkáǹtì mi. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí fóònù, mo di ọjà fún un, ó lọ. Kí n tó fi owó náà ránṣẹ́ sí ẹni tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ₦61,400 ti fò jáde nínú rẹ̀. Mo dé báǹkì, ọmọ tó wà ní káńtà ní gbèsè ni wọ́n yọ, pé mo yá owó lọ́wọ́ ilé ayánilówó kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, n kò sì san án. Èmi tí n kì í dé ìdí gbọ́mú-lé-láńtà! Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń béèrè aṣọ Ojúde Ọba lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí láti jẹ́ kí owó wọn wọ inú àkáǹtì yẹn. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ sí, kí ni ẹ ń ṣe tí wọn ò fi rí yín mú?

Ọmọ Ìṣarà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé kí á má kúkú lọ fi ẹjọ́ ẹni náà sun Agẹmọ ni?

Baba Ìkẹ́nnẹ́
Ọmọ Ìṣarà, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ fi sun báǹkì ná.

Ìyá aláṣọ, ẹ kú ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ báǹkì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn ní orúkọ: Global Standing Instruction, GSI ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. CBN ló gbé e kalẹ̀ ní 2020. Bí ẹnì kan bá yá owó tí kò san án, ẹni tó yá a lówó lè tọ BVN rẹ̀ lọ sí báǹkì yòówù tí onígbèsè náà bá ní àkáǹtì sí, kí ó sì gba owó rẹ̀ níbẹ̀. Ojúlówó owó àti èlé nìkan ni wọ́n láṣẹ láti yọ, wọn ò gbọdọ̀ fi ìtanràn kún un. Èmi ò ní bú ètò náà, nítorí mo mọ iye alágídí onígbèsè tí a sáré lé káàkiri Rẹ́mọ nígbà tiwa. Àmọ́ BVN nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀ tàbí ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ máa bá wọn sọ. Bí ẹ bá dé báǹkì tí ẹ ní “wọ́n jí owó mi nínú àkáǹtì,” wọ́n á wo ìwé, wọ́n á ní kò sí olè, àṣẹ ló yọ owó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa kú sí. Ohun tí ẹ máa sọ ni pé: “N kò yá owó yìí. Ta ló gbà á? Ọjọ́ wo? Nọ́ńbà fóònù wo ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀? Àkáǹtì wo ni owó náà wọ̀?” Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ ṣe é ní méjì: ọ̀kan fún báǹkì yín, ìkejì fún ilé ayánilówó yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbà-á-wọlé sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Báǹkì kan kò gbọdọ̀ sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ò kan òun. Gbogbo báǹkì ló ní tábìlì tí wọ́n ń gba ẹ̀sùn jìbìtì sí, CBN ló pàṣẹ rẹ̀ láti 2015, tọ̀sán-tòru ló sì yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹ̀yin kọ́ lẹ yá owó náà, kí ẹ sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ìwé méjèèjì yìí ni gbogbo ọ́fíìsì tí ẹ máa dé máa béèrè. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báǹkì ò dáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀dà tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò rí i rí.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù
Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Wọ́n ní ká má fún ẹnikẹ́ni ní BVN. A dé báǹkì, wọ́n béèrè. A fẹ́ ra síìmù, wọ́n béèrè NIN. Ọmọ fẹ́ ṣe JAMB, NIN. Wọ́n fẹ́ pín ìrẹsì ìrànwọ́ ní wọ́ọ̀dù, NIN àti BVN. Ta wá ni a kò ní fún?

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè
Ìyá mi, ẹ má dáhùn. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni rárá. Ẹni tó bá ti ní BVN yín ti ní gbogbo owó yín lọ́wọ́.

Atúnfóònùṣe Ìjẹ̀bú-Igbó
Kò rí bẹ́ẹ̀, àbúrò. Nọ́ńbà 11 lásán ni BVN, bẹ́ẹ̀ náà ni NIN. BVN nìkan kò lè yọ kọ́bọ̀ nínú àkáǹtì. Ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn ni kóòdù OTP tó ń wọ fóònù. Ẹni tó bá ní BVN yín, tó ní ọjọ́ ìbí yín, tó sì ní ìlà fóònù tí ẹ fi forúkọ BVN sílẹ̀, ẹni yẹn ti di ẹ̀yin. Ìlà fóònù yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́ bí ẹyin ojú.

Mo máa sọ ohun tí mò ń rí lórí tábìlì mi. Bí wọ́n bá jí fóònù, ọ̀pọ̀ olè kì í yọ ara wọn lẹ́nu pẹ̀lú pásíwọọ̀dù rẹ̀. Síìmù ni wọ́n ń yọ. Wọ́n á fi í sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tẹ *565*0#, BVN ẹni náà á jáde gbangba. Wọ́n á tẹ *346#, NIN náà á tẹ̀ lé e. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń yọ lórí ìlà fún un, bí káàdì bá sì wà lórí síìmù yẹn, olóhun ló san án fún olè. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo OTP tó bá wọlé, ọwọ́ olè ló bọ́ sí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé kí wọ́n ti síìmù pa, kì í ṣe fóònù nìkan. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí ibi ààbò, ẹ wá “SIM lock” tàbí “SIM PIN”. Ó máa béèrè nọ́ńbà mẹ́rin tí síìmù bá wá láti iléeṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ ìlà yín ní nọ́ńbà náà, ẹ má ṣe méfò, nítorí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ṣì nígbà mẹ́ta, síìmù á ti ara rẹ̀ pa, á máa béèrè PUK, nọ́ńbà mìíràn tó ń ṣí i. Ẹ fi nọ́ńbà náà tan SIM lock, ẹ wá yí nọ́ńbà náà sí tiyín. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá yọ síìmù yín sínú fóònù mìíràn kò ní rí nǹkan kan ṣe. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò sì tíì rí ẹni mẹ́wàá ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ti ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè
Ẹ ṣeun, bọ̀dá, ó yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ẹ̀kọ́ wa fún yín. Àwọn kan ń rìn kiri họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú fóònù, wọ́n á ní kí o fún àwọn ní NIN rẹ, kí o wojú kámẹ́rà, kí o ṣẹ́jú, kí o yí orí sọ́tùn-ún, sósì, wọ́n á sì fún ọ ní owó dátà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa, kíá ló máa ń wojú kámẹ́rà! Àkáǹtì ni wọ́n ń fi ojú rẹ ṣí, àkáǹtì yẹn ni àwọn yáhoo máa ń fi gba owó ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Ọ̀dọ̀ tìẹ ni EFCC á kọ́kọ́ wá. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ti kìlọ̀ nípa títa NIN báyìí, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í dé họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù Ìpẹru
Ẹ káàsán, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ mú wa padà sórí gbèsè, torí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé wọ́n ń kọ gbèsè wa síbì kan. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ni CBN fún ní àṣẹ rẹ̀, credit bureau ni wọ́n ń pè wọ́n: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Owó tí o yá, ọjọ́ tí o san án, èyí tí o kò san, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lábẹ́ BVN rẹ. Òfin Credit Reporting Act ti 2017 ló wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀tọ́ rẹ sì ni kí o gba ìwé tìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un, kò dìgbà téèyàn bá wọ mọ́tò lọ sí Èkó.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ńlá láì jẹ́ pé ó mú ìwé yẹn wá. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní a fẹ́ tú wọn síta. Arákùnrin kan mú tirẹ̀ wá, ó rí lóònù méjì níbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń béèrè fúnra wọn.

Bí ẹ bá gba ìwé náà, ẹ má wo gbèsè nìkan. Apá kan wà níbẹ̀ tó ń sọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti wá yẹ àkọsílẹ̀ yín wò. Bí ẹ bá rí ilé ayánilówó tí ẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí níbẹ̀, ẹnì kan ti ń gbìyànjú láti fi orúkọ yín yá owó nìyẹn, bí kò tiẹ̀ tíì rí i gbà. Èyí gan-an ló dáa jù fún mi, nítorí ó ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ kí owó tó jáde. Nǹkan mìíràn: kì í ṣe gbogbo ayánilówó ló ń ròyìn fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi máa ń gba ti ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ti èkejì ní àárín ọdún, ti ìkẹta nígbà tí Kérésì bá ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tòkọ́pì náà tún wà. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ fi NIN ránṣẹ́ sí WhatsApp ọmọ tó wà níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ san owó, ẹ lọ. NIN yín ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn pẹ̀lú ti gbogbo àdúgbò. Ẹ dúró tì í kó pa á rẹ́ lójú yín. Lórí ẹ̀dà tí ẹ máa fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi bírò kọ ọ́ dábùú orí rẹ̀, kó gba ara fọ́tò àti nọ́ńbà kọjá: “Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìkan”, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi yá owó níbòmíràn á ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí iléeṣẹ́ bá sì gba vNIN, nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ tó ń dúró fún NIN, ìyẹn gan-an ni kí ẹ fún wọn dípò NIN. 72 wákàtí ni ìwúlò rẹ̀, iléeṣẹ́ mìíràn kò sì lè lò ó.

Aláṣọ Òkè-Ajé
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti mú lẹ́tà lọ, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìwé tí ilé ayánilówó yẹn fi dáhùn dé lónìí. Ìlà fóònù tó wà lórí rẹ̀, ìlà mi àtijọ́ ni, èyí tó lọ nígbà tí wọ́n gba báàgì mi nínú ọkọ̀ ní Ìtá-Ọṣìn. Mo ra ìlà tuntun nígbà náà, mo sì gbàgbé pé èyí tó lọ ló wà lára BVN. Wọ́n fi í ṣí àkáǹtì kan ní orúkọ mi ní báǹkì orí fóònù, ibẹ̀ ni owó náà gbà.

Atúnfóònùṣe Ìjẹ̀bú-Igbó
Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ó tiẹ̀ lè má jẹ́ olè báàgì gan-an. Ìlà tí kò bá ṣiṣẹ́ fún 180 ọjọ́, iléeṣẹ́ lè ti í pa. Bí ọdún kan bá fi pé láì ṣiṣẹ́, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì yín láì wá a.

Ẹ lọ sí báǹkì yín lọ́la, ẹ fi ara yín hàn, ẹ ní kí wọ́n yí ìlà tó wà lára BVN sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Orí fóònù kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ ní láti dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tó kù tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi ìlà tí ẹ ń lò tẹ *565*0# nísinsìnyí. Bí BVN yín kò bá jáde, ìlà mìíràn ló wà lára rẹ̀.

Baba Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ti àkáǹtì orí fóònù yẹn pa, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín. Àwọn credit bureau náà, ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ ta ko gbèsè yẹn, ẹ so ìwé ìbúra mọ́ ọn. Bí owó bá padà wọlé ṣùgbọ́n tí gbèsè ṣì wà lórí orúkọ yín, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yáwó gidi ni ẹ máa tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì parí.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù
Bó bá wá jẹ́ ẹni tiwa ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gba fóònù mi pé òun fẹ́ ra dátà, lóònù ló fi gbà lórí áàpù. Wọ́n wá ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù mi pé olè ni mí, títí kan pásítọ̀ wa.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù Ìpẹru
Ó dùn mí, ìyá. Ti ará ilé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, òun ló sì nira jù, torí ẹbí á ní kí ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Èrò tèmi, bí ọmọ náà ò bá ní san án, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ ti gbà pé gbèsè yín ni.

Ní ti áàpù, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní àkójọ àwọn ayánilówó orí fóònù tí wọ́n fọwọ́ sí lórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Ẹ wò ó bóyá àwọn yẹn wà níbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ o, wọn ò sí níbẹ̀ o, kò sí òfin tó ní kí wọ́n máa fi ìtìjú gba gbèsè lọ́wọ́ pásítọ̀ yín. Ẹ ya fọ́tò ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, ẹ fi sun FCCPC, ẹ fi sun NDPC náà, àjọ tó ń dáàbò bo dátà, torí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 kan ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí kì í ṣe onígbọ̀wọ́, àfi bó bá fọwọ́ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston
Ẹ kú ilé o. N kò lè kọjá láì dá sí i, torí nǹkan kan kan àwọn òbí wa. Níbí, SSN, nọ́ńbà 9 tí ìjọba ń fúnni, ni wọ́n fi ń yáwó. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ló wá bá wa tọ́mọ, àwọn kan nínú wọn gba SSN, wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú, nọ́ńbà náà wá wà lásán. Kò sẹ́ni tó ń wò ó, olè lè fi ra mọ́tò fún ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ohun tí a ń ṣe ni pé a máa ń ti àkọsílẹ̀ gbèsè wọn pa, kí ẹnikẹ́ni má baà fi yáwó tuntun. Credit freeze ni wọ́n ń pè é. Láti 2018 ló ti di ọ̀fẹ́ jákèjádò Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ mẹ́ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀: Equifax, Experian, TransUnion. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti méjì tí ẹ fi ìkẹta sílẹ̀, ẹ ò tíì ti nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ yáwó, ẹ ṣí i, ẹ tún tì í. Fraud alert, ìkìlọ̀ pé kí ayánilówó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń yáwó, yàtọ̀ sí ìyẹn: bí ẹ bá sọ fún ọ̀kan, òun ló máa sọ fún àwọn méjì tó kù, ọdún kan ló ń lò. Ẹni tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ jalè, IdentityTheft.gov ti ìjọba ni kó kọ́kọ́ lọ, ìwé tó máa rí gbà níbẹ̀ lè sọ ọdún kan yẹn di méje. Ẹ̀yin ọmọ tó wà níbí, ẹ bá àwọn òbí yín ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan.

Ọmọ Ìṣarà
Ti ilé wa ńkọ́? A lè ti tiwa pa bẹ́ẹ̀?

Baba Ìkẹ́nnẹ́
Kò tíì rọrùn tó ti Amẹ́ríkà nílé níbí. Síìmù tí a fi PIN tì pa, ìwé gbèsè ọdọọdún, àti kí báǹkì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí gbogbo owó tó bá wọlé tàbí jáde, ìwọ̀nyẹn ni àgádágodo tiwa. Kí ẹ sì kọ kóòdù tí báǹkì yín fi ń ti àkáǹtì pa síbì kan tí kì í ṣe inú fóònù. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba fóònù lẹ máa nílò rẹ̀.

Aya Akẹ́kọ̀ọ́ Òdè-Rẹ́mọ
Ẹ jọ̀ọ́, bàbá wa kú lóṣù tó kọjá. Àwọn ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ síìmù wọn nù pé ó ń dùn wọ́n bó bá ń dún. Ṣé kò séwu?

Atúnfóònùṣe Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ bàbá. Ẹ má sọ ọ́ nù rárá. Ẹ fi sínú fóònù kékeré, ẹ máa ra káàdì díẹ̀ sí i kí ìlà má baà kú, kí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo ẹbí fọkàn tán.

Baba Ìkẹ́nnẹ́
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ sí gbogbo báǹkì tí bàbá ti ní àkáǹtì, kí wọ́n dí i kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù gíga. Ẹ béèrè níbẹ̀ náà bóyá gbèsè kan wà lórúkọ wọn, kí ẹ gbà á ní ìwé, kí ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà sì hàn dáadáa. Gbèsè tí wọ́n bá yá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ ti mọ̀ pé bàbá kọ́.

Aya Akẹ́kọ̀ọ́ Òdè-Rẹ́mọ
Báǹkì mẹ́rin ni. A máa bẹ̀rẹ̀ láti ti Ṣágámù lọ́jọ́ Ajé.